Rédíò kékeré onímẹ́mórì: ohun tí àwọn tó ń lò ó ń sọ fún mi

  

Ọ̀rọ̀ ọjà mi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kì í ṣe pé mo fẹ́ polówó o. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin lóṣù tí ẹnìkan máa pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra rédíò kékeré tó ń lo mẹ́mórì yẹn fún màámi nílé. Èwo ló dáa nínú wọn? Àbí kí n kúkú ra fóònù fún wọn?" Ìbéèrè yẹn ò ṣeé dáhùn lórí fóònù nígbà tí oníbàárà ń dúró níwájú ẹni. Mo wá ní kí n kó ohun tí àwọn tó ń lò ó ti sọ fún mi jọ síbí, ìyìn wọn àti ẹ̀sùn wọn, kí kálukú fi ṣe ìpinnu.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn. Ó ní sípíkà níwájú, ó ní ihò tí a ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ àti èyí tí fíláṣì ń wọ̀, ó ní àntẹ́nà tí a ń fà gùn. Àwọn mìíràn ní tọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú wọn ló ń lo bátìrì pẹlẹbẹ tí Nokia 1100 ń lò láyé ọjọ́sí, BL-5C, nítorí náà kò sí ìlú tí ẹ ò ti ní rí òmíràn rà tí ti inú rẹ̀ bá kú. Àwọn kan ń pè é ní MP3, àwọn kan ní rédíò mẹ́mórì. Ẹ pè é bó ṣe wù yín, òun náà ni.

Láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ta ohun olórin ní Sabon Gari, Kánò níbí. Nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì tí mo wá kọ́ ọjà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, tí Barrister tàbí Kollington bá gbé awo tuntun jáde, mọ́tò tó ń bọ̀ láti Èkó àti Ìbàdàn la ó máa retí. Páálí kásẹ́ẹ̀tì kan á dé láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ti tà á tán. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, 60 ìṣẹ́jú ni: ojú kan 30, ojú kejì 30. Tí ẹ̀rọ bá jẹ tẹ́ẹ̀pù, ẹ máa fi bírò yí i padà. Ẹ̀yin àgbà rántí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni CD dé, ó pariwo díẹ̀, ó sì ń há tí erukú ọyẹ́ bá wọ inú ẹ̀rọ. Ní òkè òkun, wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Ní 1998 ni àwọn ará South Korea gbé MPMan jáde, òun ló kọ́kọ́ dé ọjà nínú ẹ̀rọ kékeré tó ń kọrin MP3. Ní October 2001 Apple gbé iPod tiwọn jáde, 5GB, wọ́n ní orin 1,000 á wọ inú àpò ẹni. 399 dọ́là ni wọ́n tà á. Ẹni tó ti òkè òkun dé la máa ń rí i lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a fi ń gbọ́ pé kò ráyè gba orin láìsí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ní May 2022 Apple ní àwọn ò ṣe iPod mọ́. Èyí tó wá bá tálákà mu, tó sì dúró di òní, ni ti àwọn ará Ṣáínà tí mo júwe lókè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Orin MP3, ní ìwọ̀n tí àwọn ọmọ dáńlódù sábà máa ń fi sínú káàdì, ìṣẹ́jú kan ń gba bíi 1MB. Kásẹ́ẹ̀tì kan á wá gba bíi 60MB. Káàdì 4GB lásán, tí kò tóbi ju èékánná lọ, á gba kásẹ́ẹ̀tì bíi 65. Ohun tí mò ń fi orí rù láti gáréèjì nígbà yẹn, mo lè fi í sábẹ́ ahọ́n báyìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹnu àwọn tó ni ín.

Ìyá kan tó ń ta àmàlà ní Yoruba Road ló sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń lo rédíò nígbà tí fóònù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Alágbà, fóònù tó bá dún lójijì láti ilé, àyà mi á já. Ọkàn mi á ti máa sọ pé, ta ló tún kú? Èyí tí ẹ tà fún mi yìí, orin nìkan ló mọ̀. Kò lè túfọ̀ fún mi." Gbogbo wa tí à ń gbé ìdálẹ̀ la mọ ohun tó ń sọ.

Télọ̀ kan tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi ní tirẹ̀ sọ pé, "Fóònù mi ni báńkì mi. Tí mo bá fi í kọrin láti àárọ̀, tó bá di ọ̀sán tí oníbàárà fẹ́ ṣe tiránsífà, fóònù ti kú, mi ò ní rí álátì. Rédíò ni kó máa kọrin, kí fóònù máa ṣọ́ owó." Iná tí a sì mọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dọ́gba.

Awakọ̀ tó ń ná Kánò sí Ìbàdàn sọ pé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ lójú ọ̀nà yẹn kì í ṣe kékeré, iléeṣẹ́ rédíò ìlú kan á sì ti dákẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ti èkejì. Ó ní Sunny Adé tó wà nínú káàdì òun kò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì wà tàbí kò sí, kò sì jẹ dátà.

Bàbá kan tún wà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ọmọ rẹ̀ ra fóònù olójú gbọọrọ fún un, ó gbé e fún ọmọ-ọmọ. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ ló ń yọ̀ lábẹ́ ìka mi. Ti ẹ̀rọ yìí, bọ́tìnnì mẹ́ta ni mo mọ̀: èyí tó ń tàn án, èyí tó ń fo orin, èyí tó ń gbé ohùn sókè. Ọwọ́ mi ti mọ̀ wọ́n nínú òkùnkùn." Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà fún arúgbó, ẹ má wo iná mèremère tó wà lára rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀. Kó ga síta, kó má wọ́pọ̀ jù, kí àlàfo wà láàárín wọn.

Ohun tí kálukú ń fi sínú rẹ̀ náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Àlùfáà ń rà á fún wáàsí, màmá ṣọ́ọ̀ṣì ń rà á fún orin ìyìn, ọmọ Ìlọrin ò ní gba káàdì tí Odòlayé Àrẹ̀mú kò bá sí níbẹ̀. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Haúsá, Mamman Shata àti Dan Maraya Jos ló kún tirẹ̀, tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ èmi náà á máa mi orí sí i.

Ẹ̀sùn ńkọ́? Ó pọ̀ o, mi ò ní fi ọ̀kan pamọ́.

Èkíní, ohùn. Ẹ̀rọ kékeré ni. Tí ẹ bá gbé e kọjá ìdajì, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìlù á máa dún bí agolo. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ìsọmọlórúkọ, kó lọ gba sípíkà ńlá.

Èkejì, bí orin ṣe ń tò. Wọ́n á ní, "Mo fi nọ́ńbà síwájú orúkọ orin, síbẹ̀ ó ń fò síwá sẹ́yìn." Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í wo orúkọ. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn wọ inú káàdì ló ń kà. Tí ẹ bá fẹ́ kí wáàsí apá kìn-ín-ní ṣáájú apá kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kó tò.

Ẹ̀kẹta, rédíò rẹ̀. Tí ẹ bá ń gba iná sí i lọ́wọ́ tí ẹ tún ń gbọ́ rédíò, ó máa ń kùn. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú ló sábà ń fa ìyẹn. Ẹ yọ wáyà, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ihò ṣájà tó ń mì lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọmọdé ló sábà ń fa wáyà rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á jó o padà kíákíá. Bátìrì tó bá ti wú ni kí ẹ má gbójú fò. Ẹ yọ ọ́, ẹ má gba iná sí i mọ́ láéláé, ó lè gbiná. Oòrùn Kánò ní March sí April kì í ṣe eré. Ẹ má gbé e sílẹ̀ níwájú gíláàsì mọ́tò.

Ẹ̀karùn-ún, káàdì ńlá tí kò kà. Púpọ̀ nínú wọn, 32GB ni òpin ohun tí wọ́n lè kà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fọ́mátì sí FAT32. Ẹni tó bá ra 64GB tó wá ń bínú sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ ẹ́.

Káàdì èké náà wà. Wọ́n á kọ 32GB sí i lára, bóyá 4GB ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á gbà pé 32 ni. Orin àkọ́kọ́ á kọ dáadáa, àwọn tó wà lẹ́yìn á dákẹ́ tàbí kí wọ́n máa já. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo fọkàn tán ni kí wọ́n kún káàdì náà dé ẹnu, kí ẹ wá gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó lọ. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dáa kò ní bínú pé ẹ dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn rí wa bí ará àtijọ́. Ọmọkùnrin mi sọ fún mi pé, "Dádì, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Orin tí mo bá fẹ́, màá wá a lórí fóònù, á yọjú. Tiyín, ohun tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ náà ni." Ó tún ní orin inú káàdì yẹn, olórin kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Òtítọ́ ni, mi ò lè bá a jiyàn. Ẹni tó bá lágbára láti sanwó fún olórin, kó san án.

Àmọ́ ohun kan wà tí fóònù kò ṣe. Fóònù ọmọ mi, etí rẹ̀ nìkan ló ń kọ ọ́ sí. Ti ìyá rẹ̀ wà létí tirẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ wà létí tirẹ̀. Èèyàn mẹ́rin nínú pálọ̀ kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ń gbọ́. Rédíò kékeré tó wà lójú fèrèsé kíṣìnì, gbogbo ilé ló ń kọrin fún, ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ wa ń sọ Haúsá níta, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé. Ibo ni Yorùbá ti fẹ́ kàn wọ́n lára? Àwa fúnra wa, a ti wà lọ́jà látàárọ̀, tí a bá délé, "Ẹ jẹun? Ẹ lọ sùn" ni gbogbo Yorùbá tí à ń bá wọn sọ.

Oníbàárà mi kan, Kánò níbí ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ra rédíò yìí, ó fi ewì Yorùbá sínú rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ tó bá ń dáná. Lọ́jọ́ kan ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi í pé, "Mọ́mì, kí ni àkùrọ̀?" Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé ilẹ̀ etí odò tí wọ́n ń gbìn ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó sọ nípa ẹ̀fọ́ tí òun máa ń já níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọge. Látìgbà yẹn, ìyá àgbà ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: lónìí oríkì bàbá wọn, lọ́la àlọ́ ìjàpá, lọ́túnla bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń dirun. Ó di mọ́kànlá.

Ó wá bá mi pé kí ohùn màmá òun wọ inú rédíò. Kì í wọ ibẹ̀ lásán o. Ohùn tí WhatsApp ń gbà sílẹ̀, opus ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré yìí kò mọ̀ ọ́n. A ní láti sọ ọ́ di MP3 lórí kọ̀ǹpútà kó tó wọlé. A ṣe é. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ ti mọ oríkì náà sórí, wọ́n ń kì í bí ẹni ń ṣeré nígbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́.

Ìyá àgbà kú lọ́dún kejì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú ni obìnrin yẹn gbé rédíò wá sí ìsọ̀ mi, ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo fi káàdì mìíràn sí i, ó kọrin. Káàdì rẹ̀ ló kú. Fóònù tí ohùn wọ̀nyẹn kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n ti jí i lọ́jà. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi.

A gbé káàdì náà fún ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ méjì ló fi wá a. Nínú mọ́kànlá, mẹ́rin ló yọ. Mo ní kó pe àwọn ẹbí nílé, bóyá màmá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí mẹ́ta. Ó di méje. Mẹ́rin tó kù, kò sẹ́ni tó ní in mọ́ láyé yìí. Oríkì bàbá wọn wà lára méje tó yọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àlọ́ méjì kò yọ.

Kò bi mí léèrè ẹ̀rọ tuntun. Ó ní kí n fi méje yẹn sínú káàdì mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ nílé, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá bi mí pé rédíò wo ló dáa, ìdáhùn mi rèé. Ẹ ra èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ le, tó ń lo bátìrì tí ẹ lè rí rà ládùúgbò, tí ohùn rẹ̀ kò fọ́ nígbà tí ẹ bá gbé e dé ìdajì. Ẹ gbọ́ ọ nínú ariwo ọjà, ẹ gbọ́ ọ níbi tó dákẹ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ẹ ó rí òmíràn rà. Orin Haruna Ishọla tó bá sọnù, ẹlòmíràn ní in.

Ohùn ẹni yín ni kò sí lọ́jà. Ẹ má fi í sójú kan. Káàdì kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú àpótí, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí tó wà ní ìlú mìíràn, kí ẹ sì tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́dọọdún, ẹ ki káàdì náà bọ ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Káàdì tí a gbé síbi kan tí a kò wò, kì í sọ fún èèyàn kó tó kú.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tí Iléyá tàbí Kérésì bá tún gbé yín délé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín burẹ́dì àti súyà Kánò tán, ẹ jókòó ti màmá tàbí bàbá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tan fóònù, ẹ ní kí wọ́n ki yín. Wọ́n lè kọ́kọ́ tijú. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Tí ẹ bá padà dé, ẹ gbé e wá, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè bá yín sọ ọ́ di MP3, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo ẹ̀rọ yìí, ẹ sọ tiyín fún wa, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá wà láyè, Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa.